Ẹni Tó Mú Ọ̀bẹ àti Ẹni Tó Mú Ìbọn

Ẹ dín ohùn fóònù yẹn kù díẹ̀. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ yín, mo rò pé ìjà lẹ fẹ́ jà. Àṣé orí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó lọ há sínú igbó nínú fídíò lẹ ti ń fà á mọ́ ara yín lọ́wọ́. Débọ̀ ní bí wọ́n bá sọ òun sínú igbó kìjikìji, tí wọ́n ní kí òun mú nǹkan kan péré dání, ìbọn lòun máa mú. Tóyọ̀sí ní ọ̀bẹ ni. Ẹ wá ní kí èmi ìyá yín àgbà wá dájọ́, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú, nítorí ẹ rò pé arúgbó tó ń yáòòrùn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò lè mọ igbó kankan kọjá ewé tí mo gbìn sínú garawa lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tóbi lẹ́nu mi, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ jókòó. Mo ti rí ẹni méjì tí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn lójú mi, tí wọn kò fi ṣeré. Ọ̀kan mú ọ̀bẹ, ọ̀kan mú ìbọn. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n ń mú un.

Kí n tó di ará Èkó, inú igbó ni mo ti ṣe ìyàwó. Igbó ńlá kan ni, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ sódò. Àwọn onígẹdú ló pàgọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ pákó, ẹ kò mọ gẹdú. Gẹdú ni igi ńlá tí wọ́n ti gé lulẹ̀, tí wọn kò tíì là. Ìrókò, ọ̀gànwó, afàrà, òpèpè, igi tó jẹ́ pé bí ọkùnrin márùn-ún bá so ọwọ́ pọ̀, wọn kò ní lè gbá ìdí rẹ̀ mọ́ra. Ilé imọ̀ ọ̀pẹ ni a kọ́ sábẹ́ wọn. Bí òjò bá ti dá lókè, òjò tiwa kò tíì dá, ewé á ṣì máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ìró ni mo máa ń rántí jù. Láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa, nítorí kò sí adìyẹ tó pẹ́ lọ́dọ̀ wa tí ẹranko igbó kò gbé. Ìró àdá tí wọ́n ń pọ́n lórí òkúta ló ń jí wa. Lẹ́yìn náà ni ayùn ńlá tí ẹni méjì ń fà á bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún, ṣéè, ṣéè, títí ọ̀sán. Bí igi bá fẹ́ ṣubú, á kọ́kọ́ kérora. Ẹ má rẹ́rìn-ín, igi máa ń kérora. Gbogbo ọkùnrin á pariwo pé ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀ o, àwa obìnrin á sì di ọmọ wa mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn sí wa. Bó bá ti balẹ̀, gbogbo igbó á dákẹ́. Ẹyẹ kankan kò ní ké fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń gbé Èkó láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mọ́. Níbí, bí jẹnẹrétọ̀ ará ọ̀tún bá kú, ti ará òsì á gbà á.

A tún máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ kan wọ inú àgọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgbakọ mi gun orí igi, ó wá ń fi lu ẹ̀ka bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ìlú. Mo dúró sísàlẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin gbogbo fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ mi ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ òmíràn fún mi, ó dára ju ti ọjà lọ.

Àjọ̀dún wa sì ni ọjọ́ tí odò bá kún. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń gé igi, tí wọ́n ń yí i lọ sétí odò kékeré. Bí òjò bá wá rọ̀ tó, omi á gbé gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi okùn dè é pọ̀ mọ́ra bí ẹní, àwọn ọkùnrin á dúró lé e lórí, wọ́n á máa fi ọ̀pá tì í lọ, láti odò dé odò, títí wọ́n á fi bọ́ sínú ọ̀sà, dé Mákòko àti Èbúté Mẹ́tta. Lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá máa lọ, a máa ń se ìkọ́kọrẹ́ tó pọ̀, àwọn ọkùnrin á jó lórí gẹdú nínú omi. Ọdún kan, olórí wa, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí a ń pè ní Bàbá Àgọ́, ó jó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀. A rí òun fà jáde, ṣùgbọ́n a ò rí fìlà rẹ̀. Fìlà ti ṣáájú gẹdú gba Èkó lọ. Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn pa wá lẹ́rìn-ín fún ọdún kan gbáko.

Àkànní ni ọkọ mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe gígé igi, wíwá igi ni. Òun ló máa ń ṣíwájú gbogbo wọn wọ ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀, á wá igi tó dára kàn, á padà wá sọ fún wọn. Bó bá ń lọ, á máa fi ọ̀bẹ ṣá èèpo igi díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí àyà rẹ̀ dé, kí ó lè rí ọ̀nà padà. Ọ̀bẹ náà gùn, ó ní àkọ̀ awọ. Òun náà ló fi ń gé okùn igbó tí omi mímu ń jáde lára rẹ̀, òun ló fi ń ṣe ibùsùn bí ilẹ̀ bá ṣú u. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, ṣakabùlà tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Méjèèjì ló máa ń mú jáde, ọ̀bẹ ní ìbàdí, ìbọn ní èjìká. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ìgbà tó yìn ín ju fún ẹran ọdún lọ.

Ìjẹ̀bú ni ẹbí ọkọ mi, ṣùgbọ́n Mùṣin ni ìyá wọn ń gbé, ní Pápá Àjàó. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ ìyá náà, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Adúmáadán ni mo ń pè é, torí ó dúdú, ó sì ń dán bíi kóró iṣin. Nígbà tí wọ́n wó ìsọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti fẹ ọ̀nà, kò rí ibòmíràn lọ, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú igbó. Ọmọ ìgboro ni. Kòkòrò ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ìbọn bàbá wọn ló fẹ́ràn jù nínú àgọ́ náà. Ojoojúmọ́ ló ń fi òróró pa á. Àkànní fẹ́ràn rẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ, á máa bá a wí, á sì máa bu ẹran inú àwo tirẹ̀ fún un.

Ó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni ọjọ́ tí mò ń wí. Wọ́n fẹ́ mọ igi tó wà lódìkejì odò kan tí wọn kì í sábà kọjá. Adúmáadán bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n òun lọ. Àkànní gbà. Ó gbé ọ̀bẹ àti ìbọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi, ó ní igbó kì í ṣe ibi tí ẹnì kan ti ń rìn lọ́wọ́ òfo, kí àbúrò òun mú ọ̀kan, òun á mú èyí tó bá kù. Adúmáadán kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó ti na ọwọ́ sí ìbọn.

Àkànní di ìdí ìbọn náà mú. Ó ní, “Mú ọ̀bẹ. Ẹranko ibẹ̀ ń sá fún ènìyàn. Òùngbẹ, òtútù àti ṣíṣìnà ló ń pa ènìyàn nínú igbó, kò sì sí èyí tí o lè yìnbọn lù nínú wọn.”

Adúmáadán rò ó díẹ̀. Kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọnù, ta ló máa gbọ́ ohùn ọ̀bẹ?”

Ọkọ mi wò ó, ó wá wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìbọn sílẹ̀ fún un. Ó fi àdó ẹ̀tù lé e lọ́wọ́, ó ní kó má fi ìbọn ṣeré, nítorí ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun. Òun so ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí. Wọ́n lọ.

Ẹ rí i, ẹ̀yin méjì tí ẹ ń jà, ẹ kò tíì sọ ohun tí àwọn méjì yẹn kò sọ tán láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n kọjá odò nígbà tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Wọ́n rí igi tó dára. Àkànní ń wọn ìdí ọ̀kan nígbà tí ẹtu kan sá kọjá níwájú wọn, Adúmáadán sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọn. Àkànní pè é, ó dáhùn. Ó tún pè é, ó dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì dé. Ẹ̀yin mọ òjò Èkó, tó ń kún ojú títì. Òjò inú igbó kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀ka ń já, igi ń wó lu igi. Àkànní wá a kiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé odò ti ń kún, ó tẹ̀ lé àmì ọ̀bẹ tó ṣá sára igi, ó kọjá, ó padà sí àgọ́ láti wá pe ènìyàn.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tó dé. Mo rí i pé òun nìkan ni. Ó ń sọ ọ́ fún Bàbá Àgọ́ lọ́wọ́ ni a gbọ́ ìbọn. Ọ̀nà jìn, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ lu àpótí nínú yàrá kejì. Gbogbo wa dìde. Kò pẹ́, ó tún dún.

Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n ní ó wà láàyè. Bàbá Àgọ́ ní kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sì dúró di ọ̀la, nítorí odò ti di nǹkan mìíràn, kò sí ẹni tó lè kọjá rẹ̀ kí ó tó fà. Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó lè bú u. Ṣùgbọ́n Àkànní ní, “Bàbá, ẹ̀tù inú àdó yẹn kò pọ̀. Bó bá yìn ín tán, ibo la máa gbà wá a?”

Wọ́n dì í mú. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo gbé iṣu sísun fún un, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Mo ti lóyún nígbà náà, òun àti èmi nìkan la mọ̀. Ó fún mi ní èyí tó kù nínú iṣu náà, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹun.” Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gba ọ̀nà tó gbà wá padà.

A gbọ́ ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, a kò gbọ́ mọ́.

Ní àárọ̀, lẹ́yìn tí odò rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo ọkùnrin àgọ́ jáde. Ìbọn tún dún, kò wá láti apá ibi tó ti dún lánàá rárá. Adúmáadán ti rìn kiri. Wọ́n tẹ̀ lé ìró náà, wọ́n sì rí i, ó jókòó sínú gbòǹgbò àràbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ti funfun, ìbọn wà lórí itan rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó sunkún nígbà tó rí wọn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi dà?”

Ọ̀bẹ ló dáhùn. Wọ́n padà sétí odò, wọ́n rí ibi tí Àkànní ti ṣá èèpo igi nígbà tó ń padà lọ, àmì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, oje ṣì ń jáde lára rẹ̀. Igi dé igi, igi dé igi, títí dé bèbè omi. Wọ́n kọjá sí òdìkejì, wọ́n wo gbogbo igi tó wà níbẹ̀, sókè odò, sísàlẹ̀ odò. Àmì tuntun kankan kò sí níbẹ̀.

Wọ́n wá a títí. Wọ́n tẹ̀ lé odò náà dé ibi tó ti wọ inú ẹrẹ̀, tí ọ̀pẹ ògùrọ̀ ti pọ̀. Wọn kò rí òun, wọn kò rí ọ̀bẹ, wọn kò rí aṣọ. Bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí èmi kọ́kọ́ gbé? Oyún wà nínú mi. Ọkọ mi kò kú, kò sì yè. Àbúrò ọkọ mi wà lórí ẹní níwájú mi, ibà ń mú un, bó bá sì ti lajú, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè.

Wọ́n mú wa wá sí Mùṣin, lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ náà. Rẹ̀mílẹ́kún ni ìyá ọkọ mi sọ ọ́. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ má wo ara yín. Rẹ̀mí bàbá yín ni mò ń wí. Ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Bàbá Àgbà, tó máa ń ra bisikíìtì fún yín nígbà ayé rẹ̀, Adúmáadán nìyẹn. Òun ló tọ́ bàbá yín. Ẹni tó bí i wọ inú odò. Bàbá yín mọ̀, ó ti mọ̀ tipẹ́, ìgbà tó fẹ́ gbéyàwó ni mo sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin ló kàn.

Nígbà tó ṣe, ẹbí kó ara wọn jọ. Àwọn àgbà wá láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ó tó àkókò kí wọ́n ṣú mi lópó fún àbúrò ọkọ mi, kí ọmọ má bàa rìn gbéregbère. Wọn kò fi ipá sọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé opó kọ́ ni mí, ọkọ mi kò tíì dé ni. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. Adúmáadán jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò gbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n sì tú ká.

Mo kó lọ sí Ìwáyà, lójú ọ̀nà Mákòko, torí pé ibẹ̀ ni gẹdú ń gúnlẹ̀ sí. Mo ń ta ẹja yíyan láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí bíríìjì kọjá, ẹ kò lè mọ bí ọ̀sà yẹn ti rí nígbà náà. Gẹdú máa ń bo omi lọ bí ilẹ̀, o lè rìn lórí rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilé dé ibi tí omi ti jìn. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń han láti àárọ̀ dé alẹ́, èéfín iyẹ̀ pákó á gba gbogbo àdúgbò, á wọ inú irun wa, inú ọbẹ̀ wa. Àwọn ọkùnrin tó ń ti gẹdú bọ̀ á ti pàgọ́ kékeré sórí rẹ̀, wọ́n á ti máa dáná níbẹ̀, a máa ń rí iná wọn ká tó rí àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n bá ti ń gúnlẹ̀ ni èmi náà á ti gbé Rẹ̀mí pọ̀n, á di etí omi. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé wọn kò pàdé ọkùnrin kan báyìí báyìí, tó ní ọ̀bẹ alákọ̀ awọ ní ìbàdí, bóyá ó dá sí abúlé kan, bóyá igi gbá a lórí tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n á dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn mìíràn á sọ pé àwọn á máa wò ó. Ojú àánú wọn yẹn máa ń dùn mí ju bí wọ́n bá lé mi lọ.

Adúmáadán ti padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó máa ń wá wò wá láti Mùṣin, á gbé nǹkan ọmọ wá, á bá Rẹ̀mí ṣeré, á lọ. Kì í jókòó pẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sí mi rí, kì í sì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú máa ń bí mi sí i nítorí ìyẹn. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, ó ti gbàgbé. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún ara mi.

Ọjọ́ kan, Rẹ̀mí ti ń rìn nígbà náà, mo ti lọ sí ọjà Oyíngbò, mo sì gba etí omi padà, kì í ṣe àkókò tí mo máa ń lọ síbẹ̀. Gẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó yọ bàtà, tó ká ṣòkòtò sókè, tó dúró sínú omi, tó ń bá àwọn ọkùnrin tó ti gẹdú bọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo sún mọ́ ọn kí n tó mọ̀ ọ́n. Adúmáadán ni. Ó ń fi ọwọ́ júwe gígùn ọ̀bẹ fún wọn. Ó ń sọ fún wọn pé àkọ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ, pé ọkùnrin náà ga ju òun lọ díẹ̀, pé bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rí mi lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, ohun tí ẹ̀yin náà máa ń béèrè ló ń béèrè. Láti ọjọ́ yìí, ẹ kò mọ ara yín ni?”

Ó yí padà. Mo gbé igbá mi kalẹ̀, mo jókòó sórí gẹdú, òun náà jókòó. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti lọ, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sunkún bó ṣe yẹ kí opó sunkún. Ó sun tirẹ̀ náà. Nígbà tí a dìde, mo ní kí ó lọ sọ fún àwọn àgbà pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kò sí ìlù, kò sí ijó. Ọkọ rere ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbọn wọ ilé wa láéláé; ti bàbá wọn, ó gbé e padà fún ẹbí ní Ìjẹ̀bú, kò sì tún wò ó mọ́. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí ju báńgà, á wọ yàrá lọ, á ti ilẹ̀kùn. Ẹ rò pé ariwo ló kórìíra. Mo máa ń tẹ̀ lé e wọlé, á ti fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á máa ka iye tó dún, ètè rẹ̀ á máa mì.

Gbogbo rẹ̀ ti lọ báyìí. Wọ́n ní igbó yẹn kò sí mọ́, pé oko ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀, èyí tó kù, ajínigbé ló gbà á. Ọ̀sà náà ń di ilẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ sínú rẹ̀, ọkọ̀ àjàgbé ló ń gbé igi tín-ínrín wá báyìí. Bí mo bá ní kí dírébà gba Mákòko kọjá, mo máa ń na imú sí fèrèsé, èéfín ẹja nìkan ni mò ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá yín Àgbà kú, ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń fún un ní ògì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ọ. Ìbọn tí mo yìn yẹn, mo rò pé àwọn ará àgọ́ ni mò ń pè. Mi ò mọ̀ pé òun ni mò ń pè wọ odò. Ká ní ọ̀bẹ ni mo mú, ǹ bá ti dákẹ́, òun ì bá sì wà.”

Gbogbo ọdún tí a fi sùn lórí ibùsùn kan náà, ohun tó ń rò nìyẹn. Mo gbé ife ògì sílẹ̀. Mo ní, “Ká ní o dákẹ́, tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá, ṣé o rò pé kò ní wá ni?”

Ó ní kí n bu ògì fún òun, ó sì mu ún tán.

Ìdájọ́ tí ẹ ní kí n dá, mi ò mọ̀ ọ́n dá. Ọ̀bẹ mú ọ̀kan dé ilé, kò jókòó sílé. Ìbọn mú èkejì yè, kò gbádùn ìyè náà. Ẹ máa bá eré yín lọ, ṣùgbọ́n bí a bá tún lọ sí itẹ́ òkú ní Àtàn láti kun ibojì Bàbá Àgbà, tí ẹ bá rí i pé mo dúró pẹ́, ẹ má fà mí lọ́wọ́ pé oòrùn ń pa mí. Ọkọ méjì ni mo fẹ́. Ọ̀kan péré ni mo rí sin.